Máàpù inú fóònù dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọdẹ àti olówó: ohun tí ẹjọ́ Wyoming ń kọ́ àwa náà

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé òun kò ní í dá sí ẹjọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ olówó kan gbé wá síwájú òun. Àwọn adájọ́ náà kò ṣe àlàyé kankan. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ yìí ló fi òpin sí ìjà tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2021, láàárín ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Iron Bar Holdings àti àwọn ọdẹ mẹ́rin kan tí wọ́n ti ìpínlẹ̀ Missouri wá ṣọdẹ ní ìpínlẹ̀ Wyoming. Àwọn ọdẹ náà ló jàre.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lókèèrè lè béèrè pé kí ló kan òun nínú ìjà tí àwọn òyìnbó ń jà nínú igbó wọn. Ó kàn wá, ó sì kàn wá gidi. Ohun tó mú kí ìjà náà ṣeé jà kì í ṣe ìbọn, kì í sì í ṣe ẹran. Máàpù ni. Fóònù tó ń sọ ibi tí èèyàn dúró sí fún un, tó sì ń fi orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ hàn án, ni àwọn ọdẹ náà fi mọ ibi tí ààlà wà. Fóònù tó lè ṣe púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí sì ti wà lápò ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lónìí, títí kan àwọn ọdẹ tí wọ́n ń dẹ̀gbẹ́ lóru.

ILẸ̀ TÍ WỌ́N PÍN BÍ PÁTÁKÓ DRÁFÙ

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa yékéyéké, a ní láti padà sí ọdún 1862. Ní ọdún náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí wọ́n la ojú ọ̀nà reluwé kọjá lọ sí ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Owó kò tó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà lọ́pọ̀ yanturu. Ni ìjọba bá fi ilẹ̀ san owó fún àwọn ilé-iṣẹ́ reluwé. Wọ́n pín ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà sí ìpín-ìpín, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì kan ní òòró àti máìlì kan ní ìbú, èyí tí í ṣe 640 éékà. Ilé-iṣẹ́ reluwé gba ọ̀kan, ìjọba fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó lọ. Bí èèyàn bá wo ilẹ̀ náà láti òkè, ńṣe ló dà bí pátákó tí a fi ń ta dráfù, dúdú kan, funfun kan.

Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ reluwé ta púpọ̀ nínú tiwọn fún àwọn tó ń sin màlúù àti àwọn olówó. Tìjọba wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ gbogbo aráàlú. Ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ibẹ̀, láti pàgọ́ síbẹ̀, tàbí láti ṣọdẹ níbẹ̀ bó bá ti gba ìwé àṣẹ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ ìjọba kan kì í fara kan ilẹ̀ ìjọba mìíràn àfi ní igun. Ẹni tó bá fẹ́ ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì ní láti gba orí igun náà kọjá, níbi tí ìpín mẹ́rin ti pàdé. Ojú igun yìí kò sì fẹ̀ ju ṣóńṣó abẹ́rẹ́ lọ. Bí èèyàn bá tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orí ilẹ̀ ìjọba sí orí ilẹ̀ ìjọba, èjìká rẹ̀ yóò gba ojú òfuurufú onílẹ̀ kọjá.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onílẹ̀ fi ń sọ pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti rú òfin, pé ó ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé ilẹ̀ gbogbo ayé di ilẹ̀ àdáni lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ilẹ̀ tó yí i ká. Kò san owó ilẹ̀ náà, kò sì ní ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń jẹ ẹ́. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà ní Elk Mountain, ní àgbègbè Carbon County ní Wyoming, níbi tí Iron Bar Holdings ti ní nǹkan bí 22,000 éékà. Ẹran ńlá kan tí wọ́n ń pè ní elk, tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, pọ̀ lórí òkè náà. Ẹran yìí ni àwọn ọdẹ ń wá kiri.

BÍ Ẹ̀RỌ ṢE TÚ ÀṢÍRÍ IGUN

Láyé àtijọ́, ta ni yóò dá igun ọ̀hún mọ̀ láàárín pápá tó lọ salalu? Ọdẹ tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ní láti ra máàpù oníwèé, kó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láti wo ìwé ilẹ̀, kó sì máa gbàdúrà pé òun kò ní í ṣìnà. Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ wọn, wọn kì í sì í lọ. Àìmọ̀ wọn yìí ni odi tó lágbára jù lọ tí àwọn onílẹ̀ ní.

Ẹ̀rọ GPS ló wó odi náà. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ni ẹ̀rọ yìí. Sátẹ́láìtì tó lé ní ogún ni wọ́n gbé sí òfuurufú, ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, tí wọ́n ń yí ayé ká. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń sọ àkókò àti ibi tó wà. Bí ẹ̀rọ ọwọ́ èèyàn bá ti gbọ́ ohùn mẹ́rin nínú wọn, yóò ṣe ìṣirò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó, yóò sì mọ ibi tí òun wà lórí ilẹ̀ ayé. Àwọn ológun náà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ohùn tí aráàlú ń gbọ́ rú tẹ́lẹ̀, débi pé ẹ̀rọ lè fi ọgọ́rùn-ún mítà ṣìnà. Oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Bill Clinton pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ọwọ́ aráàlú ti ń sọ òótọ́ tó ṣeé gbára lé.

Ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ ibi tí òun dúró sí kò tíì sọ ẹni tó ni ibẹ̀ fún un. Ní ọdún 2009, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Eric Siegfried, ní ìlú Missoula ní ìpínlẹ̀ Montana, dá ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí onX sílẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ni pé wọ́n kó ìwé ilẹ̀ tó wà káàkiri ọ́fíìsì ìjọba jọ, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí máàpù GPS. Ilẹ̀ ìjọba ní àwọ̀ tirẹ̀, ilẹ̀ àdáni sì ní orúkọ onílẹ̀ lórí. Nígbà tí fóònù ìgbàlódé dé, gbogbo rẹ̀ wọ inú fóònù.

Báyìí, ọdẹ Amẹ́ríkà lè jókòó sílé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta kí àkókò ọdẹ tó tó, kó máa ṣe amí igbó tí kò tíì fojú rí. Yóò wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, yóò rí ibi tí odò wà, ibi tí òkè ti dagun, ibi tí iná ti jó igbó tí ewéko tuntun ti ń hù, nítorí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹran yóò ti máa jẹ. Yóò fi ọwọ́ tẹ àmì síbẹ̀. Yóò sì gba máàpù náà sílẹ̀ sínú fóònù kó tó kúrò nílé. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé GPS fúnra rẹ̀ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Máàpù ló nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba máàpù sílẹ̀ lè rìn nínú igbó tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó sì máa rí ọ̀nà rẹ̀.

Ní ọdún 2022, onX ṣírò iye ilẹ̀ ìjọba tí igun nìkan sé mọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ó jẹ́ mílíọ̀nù 8.3 éékà, igun tó lé ní 27,000 ló sì sé e mọ́. Nígbà tí irú iye bẹ́ẹ̀ bọ́ sójú ayé, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ọdẹ mẹ́rin. Ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó ń san owó orí.

ÀKÀBÀ KAN, MÍLÍỌ̀NÙ MÉJE DỌ́LÀ

Ní ọdún 2020, díẹ̀ lára àwọn ọdẹ yìí wá sí Elk Mountain. Nígbà tí wọ́n dé igun tí máàpù júwe, wọ́n bá ọ̀pá irin méjì tí wọ́n fi ṣéènì so pọ̀, tí wọ́n sì gbé pátákó ìkìlọ̀ kọ́ sí i. Wọ́n di ọ̀pá náà mú, wọ́n sì yí ara wọn gbà á kọjá láìfi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ onílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá ní ọdún 2021, wọ́n ti pé mẹ́rin, wọ́n sì gbé àkàbà onírin kan dání. Wọ́n dúró lórí ilẹ̀ ìjọba, wọ́n gun àkàbà náà, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ìjọba.

Àwọn òṣìṣẹ́ onílẹ̀ pe ọlọ́pàá, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan àwọn ọdẹ náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aráàlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ti pe ẹjọ́ mìíràn, ó ní ohun tí wọ́n ṣe lè mú kí iye owó ilẹ̀ òun fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù méje dọ́là lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ owó yìí díẹ̀. Àwọn ọdẹ náà kò gé igi, wọn kò dáná sun pápá, wọn kò pa màlúù ẹnikẹ́ni. Báwo ni àkàbà kan ṣe lè ba ohun tó tó mílíọ̀nù méje dọ́là jẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ kò fara sin. Ohun tó ń mú kí owó ilẹ̀ náà ga tó bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó bá rà á ti ra àǹfààní láti máa nìkan lo ilẹ̀ ìjọba tó wà láàárín rẹ̀. Bí aráàlú bá ti lè wọ ilẹ̀ ara wọn, àǹfààní náà lọ nìyẹn. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà ń gba owó ìtanràn lé lórí.

Adájọ́ Scott Skavdahl dá àwọn ọdẹ láre ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn adájọ́ mẹ́ta ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fẹnu kò pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Òfin ọdún 1885 kan, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ọgbà tí yóò dí aráàlú lọ́nà ilẹ̀ ìjọba, ni wọ́n gbé ìdájọ́ wọn kà. Òfin tó ti pé ogóje ọdún ló gba àwọn tó ń fi sátẹ́láìtì rìn sílẹ̀.

Àmọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo Amẹ́ríkà ni ìdájọ́ yìí dé. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà lábẹ́ ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà ló dè: Wyoming, Colorado, Utah, New Mexico, Kansas àti Oklahoma. Montana, níbi tí wọ́n ti ṣe máàpù náà gan-an, kò sí nínú wọn.

IDÀ AHUN NI WỌ́N FI Ń PA AHUN

Apá kan wà nínú ẹjọ́ yìí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yọ̀ kì í mẹ́nu bà, òun ló sì yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Àwọn agbẹjọ́rò onílẹ̀ béèrè fún àkọsílẹ̀ tó wà nínú máàpù ọ̀kan lára àwọn ọdẹ náà. Wọ́n rí àmì kan níbẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní àmì kẹfà, tó wà lórí ilẹ̀ àdáni. Wọ́n ní ẹ̀rí ti dé, pé ọdẹ náà ti tẹ ilẹ̀ àwọn. Òun ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé kí èèyàn tẹ àmì sórí máàpù kò túmọ̀ sí pé ó dúró níbẹ̀.

Òótọ́ ni. Èèyàn lè jókòó ní Ìbàdàn kó fi ìka tẹ àmì sórí òkè Olúmọ. Síbẹ̀, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kò parí ní ọdún 2023, kí onílẹ̀ tó wá fà á padà fúnra rẹ̀. Máàpù tó tọ́ àwọn ọdẹ náà sọ́nà ni wọ́n fẹ́ fi mú wọn. Ohun tí a bá fi sínú fóònù, kì í ṣe àwa nìkan la ní in. Ọdẹ àtijọ́ máa ń fi ibi tí ẹran ti ń mumi pamọ́ sínú ikùn ara rẹ̀, kò sì sí agbẹjọ́rò tó lè fi ìwé àṣẹ tú u jáde níbẹ̀.

ẸRAN Ń KỌ́?

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń béèrè pé ibo ni ẹran yóò sá sí. Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1887 tí Theodore Roosevelt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ Boone and Crockett sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pé ó yẹ kí ẹran náà ní àǹfààní láti bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ ti wà nílẹ̀. Lónìí, yàtọ̀ sí máàpù, ẹ̀rọ ayàwòrán wà tí wọ́n ń so mọ́ igi, tí àwọn mìíràn nínú rẹ̀ sì ń fi àwòrán ẹran ránṣẹ́ sórí fóònù ọdẹ lójú ẹsẹ̀. Ìpínlẹ̀ Arizona ti fòfin de lílo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti fi pẹran, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2022.

Nínú èrò tiwa, ó yẹ ká ya ohun méjì yìí sọ́tọ̀. Máàpù tó ń sọ ibi tí ààlà wà ń ran òfin lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ẹran wà ní ìṣẹ́jú yìí gan-an ń gba iṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ ọdẹ. Ibi tí èkíní bá wà láìsí ọwọ́ ìjọba tó ń ka ẹran, èkejì yóò pa igbó run.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ilẹ̀ Yorùbá kò ní ilẹ̀ tí wọ́n pín bíi pátákó dráfù. Ṣùgbọ́n ààlà tí ojú kò rí pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo igbó ọba Ọ̀mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1925, tó fẹ̀ tó 130,500 hẹ́kítà, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ wo páàkì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé, tó fẹ̀ ní nǹkan bí 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, níbi tí ṣíṣọdẹ ti jẹ́ èèwọ̀ pátápátá lábẹ́ òfin. Ọdẹ tó ti ń dẹ igbó láti ìgbà èwe rẹ̀ lè gba ojú ààlà kọjá lóru láìmọ̀. Bí wọ́n bá mú un, ó di ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó mú un. Àgbẹ̀ tí wọ́n bá sọ fún pé oko rẹ̀ wà nínú igbó ọba náà kò ní ohun tí yóò fi jiyàn.

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá gbé ojúlówó ààlà àwọn igbó ọba jáde, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè gbà sílẹ̀ sínú fóònù, ìjà púpọ̀ ni yóò tán. Ọdẹ kò ní í lè ní òun kò mọ̀. Ẹ̀ṣọ́ igbó náà kò ní í lè mú èèyàn lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kó ní igbó ìjọba ni. Àìmọ̀ ni odi àwọn olówó ní Wyoming. Lọ́dọ̀ tiwa, àìmọ̀ yìí kan náà ni ilé oúnjẹ àwọn tó ń gba rìbá.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí a gbára lé láti lé àwọn ajínigbé kúrò nínú igbó. Ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa ihò àpáta, orísun omi, abà tí wọ́n ti pa tì àti ọ̀nà ẹ̀bùrú ni ohun ìjà wọn. Ìmọ̀ yìí ń bá àwọn àgbà ọdẹ lọ sí ọ̀run, nítorí kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. A sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ọdẹ náà mọ̀wé. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Louis Liebenberg ní South Africa ṣe ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ CyberTracker fún àwọn atọpasẹ̀ ẹran ní aginjù Kalahari, tí púpọ̀ wọn kò lè kàwé. Àwòrán ló fi síbẹ̀ dípò ọ̀rọ̀. Atọpasẹ̀ tẹ àwòrán ẹran tó rí ipasẹ̀ rẹ̀, GPS sì kọ ibi tó wà sílẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, kì í ṣe òkè òkun.

Ibi tó lẹ́gùn-ún wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ní máàpù yìí lọ́wọ́ ti ní igbó náà lọ́wọ́. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé, yóò fi mọ ibi tí ẹ̀ṣọ́ ń gbà. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń gẹdú láìgbàṣẹ, yóò fi mọ ibi tí igi iyebíye kù sí. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń pa erin, erin tó kù tán nìyẹn. Nítorí náà, kí ìjọba kankan tó sọ fún àwọn ọdẹ pé kí wọ́n kó ìmọ̀ wọn sínú fóònù, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, ẹni tó lè rí i, àti ohun tí ọdẹ náà yóò jẹ nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin ààbò àkọsílẹ̀ aráàlú ní ọdún 2023. Kí wọ́n jẹ́ kí ọdẹ náà jẹ nínú òfin yẹn.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn ọdẹ fúnra wọn kò pọ̀. Ẹ gba máàpù sílẹ̀ kí ẹ tó wọ igbó. Ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀ lè padà jẹ́rìí yín, lè tako yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tí ẹ ń kọ́ níṣẹ́ ọdẹ gbójú lé fóònù nìkan, nítorí bátìrì ń kú, omi sì ń wọnú fóònù. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fi fóònù mọ igbó láìfi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ti ìjọba ló kù. Àwọn ọdẹ mẹ́rin tí wọ́n jàre ní Wyoming jàre nítorí pé ìwé ilẹ̀ wọn wà ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè kà á. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ṣì ń fi ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì. Kí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó o jáde.